Eruku Ìkẹ́rẹ́ àti Imú Tí Mọ́tò Fi Ń Mí

Bí ọyẹ́ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní gúúsù Èkìtì, ẹ fi ìka nu bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò tó sùn síta mọ́jú ní Ìkẹ́rẹ́, kí ẹ wo ohun tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Eruku pupa wà níbẹ̀, èyí tí ọkọ̀ ń tú sókè lẹ́bàá títì àti lọ́nà oko. Eruku funfun kíkúnná wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ̀ láti kòtò ńlá Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Ìkẹ́rẹ́ tún wá ní tirẹ̀ láfikún. Ìlú tí Òkè Olósunta àti Òkè Orólè dúró tì kì í wá òkúta tì, ibi tí wọ́n bá sì ti ń fọ́ òkúta fún ilé kíkọ́ àti títì ṣíṣe, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò lè mọ́. Òkúta gíráníìtì ní kúọ́ọ̀tìsì nínú. Nínú òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń wọn líle òkúta, láti 1 dé 10, 7 ni kúọ́ọ̀tìsì gbà, ó le ju irin tí wọ́n fi ṣe ògiri sìlíńdà mọ́tò lọ.

Gbogbo èyí ni ẹ́ńjìnnì ń fà símú.

Síbẹ̀, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa Corolla tàbí Honda láti Àkúrẹ́ dé Adó, ẹ ó rí ẹni tó ti tú àpótí dúdú tí fílítà máa ń wà nínú rẹ̀ dànù, tó fi páìpù dídán àti fílítà tó rí bí òkòtó rọ́pò rẹ̀. Intake ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ń tà á máa ń ṣe ìlérí mẹ́ta: mọ́tò yóò lágbára sí i, epo tó ń jẹ yóò dínkù, ẹ ó sì máa fọ fílítà náà lò títí ayé. Ìlérí kejì ló ń mú àwọn àgbà tí kò bìkítà fún eré sísá. Ṣé a lè bá wọn wí? Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà bẹntiróòlù kan gbéra ní nǹkan bíi ₦190, tó sì ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ bí epo ṣe lè pẹ́ nínú táńkì yóò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí bó ṣe fẹ́ ná owó rẹ̀. Àmọ́ mo rò pé ìbéèrè tí à ń bi àwọn olùtajà ni kò tọ̀nà. A máa ń béèrè bí afẹ́fẹ́ tí intake yìí yóò jẹ́ kó wọlé ṣe pọ̀ tó. Ní ìhà ibí yìí, láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ àti Èmùré, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni ohun tí yóò dá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Kí kílò bẹntiróòlù kan tó lè jó tán nínú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ kílò 14.7 ló gbọ́dọ̀ bá a wọlé. Bí a bá yí i sí lítà, lítà epo kan ń béèrè afẹ́fẹ́ tó ju lítà 9,000 lọ, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó lè kún dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 tó márùndínláàádọ́ta. Ẹ́ńjìnnì Corolla onílítà 1.8, bó bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí awakọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán, lè fa nǹkan bíi lítà 2,700 láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ wá ro ti awakọ̀ tákísí tó ń ná Ìkẹ́rẹ́ sí Adó láti òwúrọ̀ dalẹ́, tàbí ti ẹni tó ń gba Ìju àti Ìta-Ògbólú lọ síbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, tí típà tó kó yanrìn wà níwájú rẹ̀, tí kò sì rí àyè yà á sílẹ̀.

Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bíi máíkírọ̀n 70. Eruku tó ń pa ẹ́ńjìnnì kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó wà láàárín máíkírọ̀n díẹ̀ sí 20 ló burú jù, nítorí ó kéré tó láti wọ àárín ríngì písítìnì àti ògiri sìlíńdà, ó sì nípọn ju ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó ya irin kan nípa sí èkejì lọ. Bó bá ti bá ọ́ìlì pò, ó di ohun tí ń lọ irin. Kò sí iná kankan tí yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà. Ó lè di ọdún kan tàbí méjì kí ẹ tó rí i pé mọ́tò ti ń jẹ ọ́ìlì, pé èéfín tó ń jáde lẹ́yìn ti yí àwọ̀ padà, kí mẹkáníìkì tó ní kí ẹ lọ wá ẹ́ńjìnnì tókùnbọ̀ mìíràn. Wọ́n á di ẹ̀bi ru ọ́ìlì ayédèrú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ayédèrú ọ́ìlì kún ọjà. Ṣùgbọ́n ta ló rántí bi fílítà léèrè?

Ó yẹ ká mọ iṣẹ́ àpótí dúdú yìí kí a tó lé e jáde. Lára Corolla ọdún 2003 sí 2008, àti lára Camry tí a ń pè ní Big Daddy àti Muscle, apá iwájú ni ẹnu àpótí náà ti ń fa afẹ́fẹ́, nítòsí iná ńlá tàbí lókè redíétọ̀, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì kò ti dé. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n ń tà fún yín lónìí ní “cold air intake”, ó ti wà lára mọ́tò láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Nínú àpótí ni bébà tí wọ́n ṣẹ́ po léraléra wà, tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò fẹ̀ ju bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Rọ́bà yí etí bébà náà ká, ìdérí àpótí sì ń tẹ rọ́bà yẹn mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà. Àpò ike tó dà bíi pé kò wúlò lára páìpù, tí àwọn kan ń gé dànù, ariwo ló ń pa lẹ́nu mọ́. Ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpótí ń da omi òjò jáde. Ẹ rí i pé àwọn tó ya nǹkan yìí kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, bí kò tilẹ̀ ní ẹwà kankan.

Ìjà àwa àti eruku kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Volkswagen ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975, ìkòkò irin kan ló ní lórí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á wọlé, á já lu ojú ọ́ìlì, á yí padà sókè lójijì. Eruku tó wúwo kò lè bá a yí padà kíá bẹ́ẹ̀, á rì sínú ọ́ìlì. Nígbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀, onímọ́tò á tú ìkòkò, á da ẹrẹ̀ dúdú inú rẹ̀ nù, á bu ọ́ìlì tuntun sí i, ó parí. Kò sí fílítà tó ń rà. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, afẹ́fẹ́ kì í sáré tó láti ju eruku sínú ọ́ìlì, èyí tó kúnná á sì kọjá lọ fàà. Ìdí kan nìyẹn tí bébà fi gba ipò rẹ̀. Mo mọ àwọn àgbà tó ṣì ń dárò ìkòkò ọ́ìlì náà. Ohun tí wọ́n ń dárò gan-an, lójú tèmi, ni ìgbà tí ènìyàn lè tún mọ́tò rẹ̀ ṣe láìra nǹkan kan.

Fílítà òkòtó tí a ń rí lónìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1969, ní ìlú Riverside ní California, Ken Johnson àti Norm McDonald dá ilé iṣẹ́ K&N sílẹ̀. Alùpùpù ni iṣẹ́ wọn, fílítà tí wọ́n sì di gbajúgbajà fún ni èyí tí wọ́n fi aṣọ òwú fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ní ìpele-ìpele, tí wọ́n fi ọ́ìlì rin, tí wọ́n fi wáyà bí asẹ́ gbá mú. Ọ́ìlì ló ń mú eruku. Bó bá dọ̀tí, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó jẹ́ kó gbẹ, ẹ ó tún fi ọ́ìlì sí i. Àwọn tó ń sáré ìdíje fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹ rántí pé ẹni tó ń sáré ìdíje máa ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà. Tiyín ní láti gbé yín lọ sí Ìsẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá sí i.

Ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n fi ń dán fílítà wò, ISO 5011 ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n á wọn eruku tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ sí fílítà, wọ́n á wo iye tó mú àti iye tó kọjá. Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, bébà gidi sábà máa ń mú eruku ju òwú ọlọ́ìlì lọ. Olùtajà yóò ní ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ní bébà mú 99 nínú 100, kí òwú mú 97. Lójú, méjì péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Àmọ́ èyí tó mú kò ṣe ẹ́ńjìnnì ní nǹkan, èyí tó kọjá ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀kan ló kọjá lára bébà, mẹ́ta ló kọjá lára òwú. Eruku tó wọ ẹ́ńjìnnì ti di ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn. Ní ìlú tí títì rẹ̀ mọ́ tónítóní, bóyá ẹni tó ni mọ́tò á ti tà á kí ó tó mọ̀. Ní ọ̀nà oko kòkó Èmùré ńkọ́?

Ó kù síbi ọ̀rọ̀ epo. Ní ọdún 2009, ilé ìwádìí Oak Ridge ní Tennessee, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, mú àwọn mọ́tò bíi mélòó kan, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dí fílítà wọn pa, wọ́n sì wo iye epo tí wọ́n ń jẹ. Camry ọdún 2003 wà nínú wọn, ìyẹn Big Daddy wa gan-an. Lára àwọn mọ́tò ìgbàlódé tó ń lo ínjẹ́kítọ̀, fílítà tó dí kò mú kí wọ́n jẹ epo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dínkù ni bí mọ́tò ṣe ń yára sáré nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò àtijọ́ oníkabúrétọ̀ nìkan ni epo rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò le. Bí ẹ bá ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà nínú ẹnu ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ yín ló ń ṣí i, ó sì sábà máa ń wà ní títì ju ṣíṣí lọ. Òun ló ń dín afẹ́fẹ́ kù jù. Bí fílítà bá dí, ẹ ó tẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, ìlẹ̀kùn á ṣí díẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì nílò á wọlé, kọ̀ǹpútà á sì fún un ní epo tó bá a mu. Bó bá jẹ́ pé fílítà tó dí pa kò fi epo kún un, báwo ni èyí tó ṣí gbayawu yóò ṣe dín in kù? Àjọ EPA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti yẹ ohun èlò tó lé ní 100 wò, tí wọ́n ní wọ́n ń dín epo kù, kò sì rí èyí tó ṣe é ní ọ̀nà tó jọjú. Fáànù kékeré tí wọ́n ń tà pé kí ẹ kì bọ inú páìpù, kí afẹ́fẹ́ lè máa jó òyì wọlé, ará ibẹ̀ ni. Bí apá rẹ̀ bá kán, ẹ́ńjìnnì ló máa gbé e mì.

Ti agbára wá ńkọ́? Lára ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò ní tọ́bò, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè wá, ó sì dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké lókè pátápátá kí ẹ tó rí i. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́, pẹ̀lú kòtò rẹ̀, pẹ̀lú òkìtì adín-eré-kù àti àwọn agbófinró tó ń dá ọkọ̀ dúró, ó mọ ìgbà mélòó lóṣù tí ẹ́ńjìnnì máa ń dé ibẹ̀. Ohùn nìkan ni mo gbà fún wọn. Fílítà tó ṣí sílẹ̀ máa ń bú ramúramù bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó sì dùn létí, n kò ní purọ́. Ẹni tó bá sọ fún mi pé torí ohùn lòun ṣe rà á, òtítọ́ ló sọ, a ó jọ rẹ́rìn-ín.

Ìṣòro tó ń gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ rẹwáyà ni ti sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní MAF. Wáyà tín-ín-rín kan ni, ó wà lẹ́yìn fílítà, iná mànàmáná ló ń mú un gbóná. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ń tù ú lára, bó ṣe ń tutù tó ni kọ̀ǹpútà mọ́tò fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé, kó tó pinnu iye epo tí yóò tu sí i. Ẹni tó bá fọ fílítà òwú tán, tó wá da ọ́ìlì sí i yàfùnyàfùn, ẹ́ńjìnnì á fa ọ́ìlì yẹn, á lẹ̀ mọ́ wáyà, eruku á tún wá lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì. Wáyà tó ti wẹ̀wù eruku kò tètè mọ afẹ́fẹ́ lára mọ́. Á sọ fún kọ̀ǹpútà pé afẹ́fẹ́ kéré, epo tó ń wọlé á kéré, mọ́tò á máa gbọ̀n, á máa ṣe bíi pé ó fẹ́ kú lórí òkè, iná check engine á tàn. Nọ́ńbà P0171 ni ẹ̀rọ rẹwáyà sábà máa ń gbé jáde: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ.

Ibí ni owó ti ń lọ. Wọ́n á pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Wọ́n á pààrọ̀ pọ́ńbù epo. Wọ́n á ra sẹ́ńsọ̀ ọ̀sígínì tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀, agolo oògùn tí wọ́n ṣe fún fífọ MAF lè tó. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, wáyà náà kò lágbára. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ọ́ìlì lórí rẹ̀ rárá, páìpù tuntun ló fẹ̀ jù. Kọ̀ǹpútà mọ bí páìpù àtijọ́ ṣe fẹ̀ tó, orí rẹ̀ ló gbé ìṣirò lé. Bí páìpù bá fẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ kan náà á máa rọra kọjá, wáyà á ní ó kéré. Ẹni tó ń ta páìpù lójú títì kò lè dáhùn bí ẹ bá bi í bí àyè sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ sí. Ẹ bi í ná, kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Òkòtó tí wọ́n kàn so mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì láìsí àpótí yí i ká tún ní wàhálà mìíràn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fà. Bí ìta bá wà ní 30°C, tí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì gbóná dé 60°C nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ ọjà, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì yóò fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 fúyẹ́ ju ti ìta lọ. Ẹ sanwó kí agbára lè pọ̀, ẹ wá lọ fi imú mọ́tò sẹ́bàá iná.

Àwọn tó mọ èyí ni wọ́n máa ń ra onípáìpù gígùn, èyí tó gbé fílítà lọ sísàlẹ̀, lẹ́yìn bọ́ńpà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Afẹ́fẹ́ tútù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Omi náà sì wà níbẹ̀. Bí òjò oṣù keje bá rọ̀ tí gọ́tà kún, tí omi gba ojú títì, ibi tí àpótí àtijọ́ wà ṣì gbẹ nígbà tí òkòtó ìsàlẹ̀ ti ri. Ẹ́ńjìnnì lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kò lè fún omi pọ̀. Bí omi bá wọ sìlíńdà tí písítìnì sì gbéra sókè láti pàdé rẹ̀, ọ̀pá tó gbé písítìnì á tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́, nígbà mìíràn á lu ara ẹ́ńjìnnì jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nínú omi bẹ́ẹ̀, tí mọ́tò sì kú, kó má ṣe tún ṣáná sí i rárá. Kí wọ́n fà á jáde, kí mẹkáníìkì tú plọ́ọ̀gì kó tó yí ẹ́ńjìnnì.

Àwọn tó ń wa Hilux wọ oko ní ìhà Ìsẹ̀ àti Èmùré, níbi tí ọkọ̀ gẹdú ti gbẹ́ ọ̀nà di poro, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n nílò ohun kan tí àwọn ará ìgboro kò nílò: ọ̀pá snorkel tó gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú lọ sókè. Yàtọ̀ sí omi, eruku òkè kì í pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń tẹ̀lé ọkọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá tún wo orí ọ̀pá náà lára tírákítọ̀ àti àwọn ọkọ̀ ńlá kan, ẹ ó rí abọ́ tí ojú rẹ̀ hàn kedere. Inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń yí òyì, tó ń ju eruku wúwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó dé fílítà rárá. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń wọ oko lójoojúmọ́, orí abọ́ yẹn ni owó intake mi máa lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra fún snorkel oge. Ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú lọ́jà ni oríkèé rẹ̀ kò dí, wọ́n kàn kàn án mọ́ ara ọkọ̀ ni. Omi á gba oríkèé wọlé, onímọ́tò á sì máa wọ odò pẹ̀lú ìgboyà tí kò ní ìdí.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ pààrọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, irú bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà tí ohùn ẹ́ńjìnnì ń dùn mọ́, kó wá èyí tó ní àpótí tó dé fílítà mọ́lẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ níwájú, lókè, tí wọ́n sì dárúkọ mọ́tò rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ sí ara páálí. Fílítà aláìlọ́ìlì tó ṣe é fọ̀, irú èyí tí AEM ń ṣe, kì í ba MAF jẹ́ bí òwú ọlọ́ìlì ṣe lè bà á jẹ́. Nǹkan mìíràn tí mo máa ń wò ni nọ́ńbà EO. Ní California, kò bófin mu láti fi intake tí CARB, àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò fún ní nọ́ńbà yìí sára mọ́tò tó ń rin títì. Òfin wọn kò kan Èkìtì, ṣùgbọ́n intake tó ní nọ́ńbà náà ti gba abẹ́ ìdánwò kọjá, ẹ̀rí díẹ̀ nìyẹn pé kọ̀ǹpútà mọ́tò lè bá a gbé. Kó má sì ju àpótí àtijọ́ nù. Ẹni tó máa ra mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la yóò béèrè rẹ̀.

Awakọ̀ tákísí, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ìyá tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, bébà gidi ni kí wọ́n rà. Ayédèrú bébà pọ̀ lọ́jà gan-an, láti Ládípọ̀ ní Èkó títí dé ẹ̀bá ọ̀nà wa, páálí tó dára kò sì fi nǹkan kan hàn. Ẹ yọ ọ́ síta. Ìṣẹ́po bébà gbọ́dọ̀ dọ́gba, kó súnmọ́ ara wọn, kó má wó bí ẹ bá fi àtàǹpàkò kàn án. Rọ́bà etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, kó padà bọ̀ sípò bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn: ìmọ́lẹ̀ á tàn kọjá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ibì kan tó là bí ojú abẹ́rẹ́. Bó bá fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àtijọ́ tí ẹ yọ lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Iye ìgbà tí ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ìwé Toyota fún Amẹ́ríkà ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 30,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 48,000. Ìwé kan náà ní kí ẹni tó ń rìn lọ́nà eléruku máa wò ó ní gbogbo máìlì 5,000, nǹkan bíi kìlómítà 8,000. Àwa ni wọ́n ń bá wí níbi ìkejì yẹn. Bí ọyẹ́ bá tán, mo máa ń pààrọ̀ tèmi láìka kìlómítà sí.

Mo ní gbólóhùn kan fún àwọn fọkanáísà, tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kí awakọ̀ yọ fílítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fi kọ́mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, eruku á bò wá mọ́lẹ̀, inú gbogbo wa á dùn. Afẹ́fẹ́ tó lágbára tó láti kún táyà lágbára tó láti ya bébà ní ibi tí ojú kò rí, pàápàá bí wọ́n bá ti ẹnu rẹ̀ mọ́ ojú tó dọ̀tí, tí wọ́n ń lé eruku wọ inú lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ni pé bébà tó ti mú eruku díẹ̀ ń mú eruku ju tuntun lọ, torí eruku tó ti jókòó ń bá a dí ihò. Bí wọ́n bá máa fẹ́ ẹ dandan, kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù, kí wọ́n jìnnà sí i díẹ̀, kí wọ́n fẹ́ ẹ láti ojú tó mọ́ síta. Kí wọ́n sì nu inú àpótí pẹ̀lú aṣọ tútù kí wọ́n tó dá a padà, kí klíìpù méjèèjì dé e dáadáa. Klíìpù tó ti kán, tí wọ́n fi rọ́bà táyà so, lè jẹ́ kí eruku wọlé ju fílítà ayédèrú lọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí intake tuntun, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú páìpù tó wà lẹ́yìn fílítà, níhà ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀ láìkan sẹ́ńsọ̀. Ó yẹ kí aṣọ náà mọ́, tàbí kó ní ọ̀rá ọ́ìlì díẹ̀. Bó bá mú eruku pupa jáde, ẹ wo etí rọ́bà, ẹ wo klíìpù, ẹ wo ibi tí páìpù ti sán lábẹ́, níbi tí ó ti ń ká kò. Ibẹ̀ ni ó sábà máa ń sán sí.